Ìwọ̀ Lẹ́yìn Òjò

Inú ìwé Faransé ni a ti kọ́kọ́ mọ ẹja truite, ẹja omi tútù orí òkè, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ tí a dì mọ́ ìwọ̀ bí eṣinṣin tàn jẹ. Omi tiwa kò tutù tó bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá dáwọ́ dúró, odò Mono, tó ṣẹ̀ ní ìlà-oòrùn Sokodé, á fà, ẹja á sì kó sínú ibú. Àrọ̀ kò bìkítà fún ìyẹ́. Ekòló ló ń fẹ́, pàápàá lálẹ́.

Ohun tó ń dùn wá ni májèlé tí àwọn kan ń dà sínú ibú: ó ń pa ìyá, ó ń pa ọmọ. Ìwọ̀ a máa mú ẹyọ kan, a sì fi ìyókù sílẹ̀ de òjò àmọ́dún.

Àwọn ọmọ kíláàsì wa ní Kambolé fẹ́ mọ bí a ṣe ń fi ekòló sí ìwọ̀. A ti ní kí wọ́n mú ọparun wá ní Sátidé.