Ẹ má tíì ra irinṣẹ́ yẹn: bí a ṣe ń tẹ idẹ ọkọ̀ rélùwéè kékeré láì bà á jẹ́

Pláyà tó wà nílé ni mo fi bà á jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London ló fi kíìtì wágọ́ọ̀nù kan ránṣẹ́ sí mi. Wágọ́ọ̀nù ẹrù ni, irú èyí tí rélùwéè fi ń kó ọjà, àmọ́ wọ́n ti dín in kù débi pé ó lè jókòó sórí àtẹ́lẹwọ́. Kì í ṣe oníke o, idẹ ni. Abala idẹ pẹlẹbẹ ló wà nínú àpò rẹ̀, ó fẹ́lẹ́ bíi káàdì ríṣáàjì. Ẹni tó rà á ló máa gé awẹ́ rẹ̀ jáde, tí á tẹ̀ ẹ́ níbi tó yẹ, tí á sì fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀.

Mo fi pláyà eléyín gbá etí ẹ̀gbẹ́ kan mú, mo tẹ̀ ẹ́ níbí, mo sún síwájú díẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo gbé e sókè wò, etí náà ti rí ségesège, àmì eyín pláyà sì tò sára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bàbá mi ń wò mí látorí àga. Wọ́kṣọ́ọ̀bù rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

"Ta ló sọ fún ẹ pé pláyà ni wọ́n fi ń tẹ nǹkan tó gùn?"

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Èmi kọ́ ni kó o bẹ̀. Idẹ yẹn ni kó o bẹ̀."

Ẹ̀gbẹ́ méjì péré ni wágọ́ọ̀nù ní. Mo ti ba ọ̀kan jẹ́, owó pọ́n-ùn sì ni wọ́n fi ń ra òmíràn. Ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń wo irú kíìtì yìí lórí fóònù, ẹ sì ti fẹ́ ra irinṣẹ́ olówó ńlá mọ́ ọn. Ẹ fara balẹ̀ ná. Irinṣẹ́ tó wọ́n jù kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà. Èyí tó gùn tó ibi tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ni.

Kí ló kan ará Yaba nínú ẹ̀?

Ó kàn wá gan-an. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìddó, nígbà tó sì di 1901, ọkọ̀ ti ń ná an dé Ìbàdàn. Jaekel House, ilé tó wà nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, tí ẹgbẹ́ Legacy tún ṣe tí wọ́n sì sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè, 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Alágọmẹ́jì sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń wọ ọkọ̀. Ní 2024, Red Line náà dé, ó ń dúró ní Yaba. Kò sí àdúgbò tí ìró ọkọ̀ ojú irin mọ́ lára tó tiwa.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọkọ̀ tiwa ní kékeré, ẹ jẹ́ kí n fún un ní ìṣirò kan tó dùn mọ́ mi nínú. Ojú irin àtijọ́ fẹ̀ tó mìlímítà 1,067. Tuntun fẹ̀ tó 1,435. Ojú irin kékeré tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà àgbáyé fẹ̀ ní mìlímítà 16.5. Ẹ pín 1,067 sí ọ̀nà 64, ẹ ó rí 16.7. Ẹ pín 1,435 sí ọ̀nà 87, ẹ ó rí 16.5. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ojú irin kékeré kan náà lè gba ọkọ̀ ayé àwọn bàbá wa bí a bá fi 1:64 ṣe é, kó sì gba ọkọ̀ tuntun bí a bá fi 1:87 ṣe é. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ rélùwéè New Zealand ní kékeré ti ń lo 1:64 yìí, torí ojú irin 1,067 ni àwọn náà ní.

Ibi tí idẹ fúnra rẹ̀ ti sọ pé kí a tẹ òun

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe bọ́ọ̀dù sákíìtì rí ní Yabatech, ẹ mọ iṣẹ́ yìí. Wọ́n á ya àwòrán awẹ́ ọkọ̀ náà sí ojú méjèèjì abala idẹ pẹ̀lú ohun tí omi ferric chloride kò lè jẹ, wọ́n á wá kó o sínú omi náà. Ibi tí wọn ò bò lójú méjèèjì, omi á jẹ ẹ́ já. Ibi tó jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni wọn ò bò, omi á jẹ ẹ́ dé nǹkan bí ìdajì nínípọn rẹ̀. Ìlà tó jinlẹ̀ bíi gọ́tà kékeré ló máa wà níbẹ̀. Ìlà yẹn ni ojú ìtẹ̀.

Òfin méjì ló wà nídìí ẹ̀. Èkíní, gọ́tà náà gbọ́dọ̀ wà nínú igun tí ẹ bá tẹ̀, àyàfi tí ìwé kíìtì bá sọ nǹkan míì. Tó bá wà nínú, etí gọ́tà méjèèjì á pàdé ara wọn, igun á sì mú dáadáa. Tó bá wà níta, igun á là, ìwọ̀nba idẹ tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ sì lè já.

Èkejì, ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Idẹ tí a bá ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn á le, lẹ́yìn náà á kán, bíi wáyà tí ọmọdé ń fi ṣeré.

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ẹ mú rúlà, kí ẹ wọn ojú ìtẹ̀ tó gùn jù nínú kíìtì yín. Wágọ́ọ̀nù ẹrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 17 àbọ̀, bí a bá fi 1:76 ṣe é, sẹ̀ǹtímítà 7 ni. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀ṣì èrò tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 60, bí a bá fi 1:64 ṣe é, á lé ní sẹ̀ǹtímítà 28. Irinṣẹ́ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 15 á tó ti àkọ́kọ́, á sì ṣẹ́ kù. Kò wúlò rárá fún èkejì, bó ti wù kó wọ́n tó.

Ìdí ni pé gbogbo ojú ìtẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní apá kan, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ apá kejì, idẹ tó wà láàárín á lọ́. Ohun tí pláyà fojú mi rí gan-an nìyẹn.

Irinṣẹ́ mẹ́rin, àti ìgbà tí a nílò wọn

*Irin méjì àti fáìsì.* Èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ ní. Irin onígun méjì tí etí wọn tọ́, ẹ kó wọn sẹ́nu fáìsì, ẹ fi idẹ sáàárín kí ojú ìtẹ̀ bá etí irin dọ́gba, ẹ fún un, kí ẹ wá fi irin pẹlẹbẹ kẹta tì í wálẹ̀. Ẹ má fi ìka tì í, torí ìka kì í ti gbogbo ibẹ̀ dọ́gba. Kí ẹ tó sanwó irin, ẹ fi etí méjèèjì kanra, kí ẹ gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín, ẹ dá a padà fún oníṣòwò. Bí etí rẹ̀ bá ń họ ọwọ́, ẹ fi fáìlì ra á.

*Pláyà aláìléyín.* Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò ó. Ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó ń dán, kì í fi àmì sára idẹ. Etí kéékèèké tí kò fẹ̀ ju ẹnu pláyà lọ ni ẹ máa fi tẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

*Ẹ̀rọ ìtẹ̀ oníka.* Òun ni wọ́n ń polówó jù, irú bíi Hold and Fold. Irin pẹlẹbẹ ló wà nísàlẹ̀, irin tó ní ìka fẹ̀ǹfẹ̀ àti tẹ́ẹ́rẹ́ wà lókè, ìdè á fún idẹ mọ́ àárín wọn, ẹ ó wá fi abẹ gígùn gbé etí idẹ sókè. Ìka yẹn ni ẹ ń sanwó fún. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ àpótí tó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, irin gígùn kò ní lè wọ inú rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ ẹ̀gbẹ́ méjì, ṣùgbọ́n ìka á wọ̀ ọ́. Tí kíìtì yín kò bá ní irú àpótí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí owó yín sinmi.

*Ohun tí a fi ń ká idẹ róbótó.* Ikùn ẹ̀ńjìnnì olóoru kì í ní igun, ó rí bí agolo. Ẹ̀rọ onírin róbótó wà fún un. Ṣùgbọ́n fún òrùlé wágọ́ọ̀nù, ẹ gbé idẹ lé orí sílípáàsì tó rọ̀, kí ẹ yí irin róbótó lórí rẹ̀ síwá sẹ́yìn, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Á ká fúnra rẹ̀.

Náírà díẹ̀ tó lè gba yín lọ́wọ́ àdánù

Kí ẹ tó fọwọ́ kan idẹ, ẹ gbé abala náà lọ sọ́dọ̀ oní-fotokọ́pì. Ẹ gé awẹ́ rẹ̀ lórí páálí, kí ẹ tẹ páálí náà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ èwo ló yẹ kó ṣáájú, torí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ tẹ̀ lè dí ọ̀nà mọ́ èkejì. Páálí tó bàjẹ́ kò dun ẹnikẹ́ni.

Tí ẹ bá tẹ idẹ tán, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ jó inú igun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó lè lágbára. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

Ti ẹ̀gbẹ́ tí mo bà jẹ́ ńkọ́? Mo rọra fi iná yá a títí tó fi fẹ́ pọ́n, kó lè rọ̀, mo jẹ́ kó tutù, mo fi pákó àti òòlù kékeré nà án tọ́. Irin méjì àti fáìsì ni mo fi tún un tẹ̀, mo sì fi lẹ́ẹ̀dì kún inú igun rẹ̀ dáadáa, torí mo mọ̀ pé mo ti ṣe ju òfin lọ. Àmì eyín pláyà kò lọ tán.

Bàbá fọwọ́ ra igun rẹ̀ lọ ra á bọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́. Wọn ò yìn mí. Wọ́n kàn gbé wágọ́ọ̀nù náà lé orí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì yí ẹ̀gbẹ́ tó dára sí pálọ̀, kí àlejò lè rí i.