Kí Ilẹ̀ Bàbá Tó Di Póọ̀tì

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe yìí ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Sókótó máa ṣẹ́ owó jọ lọ́dọọdún, kí wọ́n lè kọ́ ilé tiwọn sí ìlú tí a gbé bí wọn. Nígbà ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì, tí ẹbí bá pé jọ, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í pẹ́ jáde. Oko bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgboro, wọn a ní kí àwọn pín in. Ìjókòó ọ̀sán kan a sì tó láti pín in. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ọ̀sán kan náà lè di ìjà fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ.

Kí a fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ mẹ́fà ni bàbá bí, éékà kan ni ó sì fi sílẹ̀ lẹ́bàá ìlú. Ìbú ilẹ̀ náà lójú títì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 180, ó sì wọ inú lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 242. Ẹni tí ó mọ ìṣirò nínú wọn ní póọ̀tì kan jẹ́ 60 sí 120, nítorí náà póọ̀tì mẹ́fà ni yóò jáde nínú éékà náà. Mẹ́ta níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn. Inú gbogbo wọn dùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó béèrè pé, ọ̀nà dà? Ẹsẹ̀ bàtà 2 péré ni ó ṣẹ́kù nínú jíjìn ilẹ̀ náà. Ewúrẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó gbé yanrìn kò lè gbà á, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó gbé pósí kò lè gbà á ní ọjọ́ ọ̀fọ̀. A ti sé àwọn mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìn mọ́ orí ilẹ̀ bàbá wọn. Ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀, tí kò sí níbi ìpàdé, ni ó sì rọrùn jù láti fi ti ẹ̀yìn fún.

Bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ ya ọ̀nà sọ́tọ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá la ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà 30 láti ojú títì dé ìpẹ̀kun ilẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 75 yóò kù lápá ọ̀tún, 75 yóò sì kù lápá òsì. Apá kọ̀ọ̀kan yóò gba póọ̀tì mẹ́ta tí ó jẹ́ 75 sí 80. Ọmọ mẹ́fà ṣì gba póọ̀tì mẹ́fà, gbogbo wọn sì kọjú sí ọ̀nà. Lóòótọ́, ó kéré sí ìpín àkọ́kọ́, nítorí olúkúlùkù yọ̀ǹda díẹ̀ fún ọ̀nà. Síbẹ̀ ó tóbi ju póọ̀tì 50 sí 100 tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́lé sí.

Nítorí náà, bébà àti pẹ́ńsù ni ó yẹ kí ó ṣáájú àdá. Èkínní ni ohùn ẹbí. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdí igi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ lè fagi lé ilẹ̀ tí a tà lẹ́yìn wọn.

Èkejì, kí a rin ilẹ̀ náà yíká ní àkókò òjò. Ibi tí àgbàrá ń gbà kì í ṣe ibi tí a ń kọ́ yàrá sí. Nígbà náà ni a ó mọ ibi tí kànga yóò wà, kí ṣalángá má baà wà lókè rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a pe awọnlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ. Òun ni yóò fi ààlà hàn, tí yóò sì wádìí bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ọ́fíìsì ìjọba. Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Kò gbà kí a gé ilẹ̀ ìgboro tí a kò tíì kọ́lé sí, tí ó ti wà lọ́wọ́ ẹni ṣáájú ọjọ́ náà, sí póọ̀tì láìgba ìwé àṣẹ gómìnà. Ní ọdún 2003, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi múlẹ̀ pé ìpínlẹ̀ ni ó ni àṣẹ lórí ètò ìlú. Ìdí nìyí tí ohun tí ènìyàn mọ̀ nípa ilẹ̀ ní Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì kò fi tó láti fi kọ́lé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbáà ṣe fífẹ̀ ọ̀nà, ìbáà ṣe àlàfo tí ó gbọ́dọ̀ wà láàárín ilé àti títì, ìlànà ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ wà ni a ó tẹ̀lé.

Ẹni tí ó wà ní àjò lè má ráyè dé ibi ìpàdé gbogbo, ṣùgbọ́n ó lè ní kí wọ́n fi àwòrán ilẹ̀ náà ránṣẹ́ sí òun kí ó tó fi owó ránṣẹ́. Kí ó wá ọ̀nà nínú àwòrán náà. Bí kò bá rí i, kí owó náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹni tí ń bọ̀ wálé gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbà wọlé.