Ṣé o mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wojú ẹnì kejì lórí fídíò?

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé nínú ìpàdé orí fídíò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń wojú ẹnì kejì rárá? Kámẹ́rà wà lókè, àwòrán ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí o bá wo ojú onítọ̀hún, lójú tirẹ̀ ilẹ̀ lò ń wò. Bí o bá sì gbójú sókè sí kámẹ́rà kí ó lè rò pé òun lò ń wò, ìwọ fúnra rẹ kò rí i mọ́. Ní ọdún 2020, Apple fi ètò kan sínú FaceTime tó máa ń yí ẹyinjú ènìyàn díẹ̀ nínú àwòrán, kí ó lè dà bí ẹni pé kámẹ́rà gan-an ló ń wò. Lójú tèmi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ pé kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ àgbà tó ń bá a wí kò nílò irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ojú tó ń wolẹ̀ yẹn gan-an ló bá ẹ̀kọ́ ilé mu.

Bí ojú kò ṣe pàdé ojú tó yìí, ṣé o mọ̀ pé àpọ̀jù ojú wà lára ohun tó ń mú kí ìpàdé orí fídíò máa rẹni? Jeremy Bailenson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford, kọ ọ́ ní ọdún 2021. Nínú yàrá ìpàdé, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ là ń wò. Àwọn tó kù ń wo ìwé wọn, ń wo fèrèsé. Lórí fídíò, gbogbo ojú ló kọ sí ọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ì báà jẹ́ pé o kò la ẹnu. Èyí tó tún burú ni pé ojú tìrẹ náà wà láàárín wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan bá gbé dígí tẹ̀ lé ọ kiri ibi iṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí o yẹ ara rẹ wò lẹ́ẹ̀kan, kí o sì fi àwòrán rẹ pamọ́ fún ara rẹ.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Picturephone, fóònù alámòhùnmáwòrán tí ilé-iṣẹ́ AT&T gbé jáde ní Pittsburgh ní ọdún 1970, ní bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ VU SELF sí. Bí o bá fẹ́ rí ara rẹ, o ní láti tẹ̀ ẹ́. Ní tiwa lónìí, bí a kò bá fẹ́ rí ara wa la ní láti wá bọ́tìnnì kiri.

Dígí ni àwòrán rẹ tí ìwọ ń rí lórí ọ̀pọ̀ áàpù lóòótọ́ o: wọ́n yí i, ọ̀tún di òsì, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ ṣe mọ ọ́n nínú dígí ilé. Àwọn tó kù ń rí ọ bí o ṣe rí gan-an. Ìwádìí kan ní ọdún 1977 ti fi hàn pé èèyàn fẹ́ràn àwòrán ara rẹ̀ tó rí bí ti dígí, àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn èyí tí a kò yí. Wọ́n fún kálukú ní èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ta ló kọ́kọ́ pe ẹnìkan lórí fídíò tó tún sanwó? Kì í ṣe ará ayé ìsinsìnyí. Láti ọdún 1936 ni àwọn ará Jámánì ti ń wọ ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ pe ara wọn láti Berlin sí Leipzig tí wọ́n sì ń rí ojú ara wọn. Ní ọdún 1964, Lady Bird Johnson, ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà, fi Picturephone pe New York láti Washington. Ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín ìlú méjèèjì jẹ́ dọ́là 16. Nígbà tó fi máa di ti Pittsburgh, dọ́là 160 lóṣù ni. Ó kùnà pátápátá, kò sì yani lẹ́nu: bí o bá rà á, ta lo fẹ́ pè?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù fún mi nìyí: ṣé o mọ̀ bí àyè tó wà láàárín ọ̀rọ̀ ẹnìkan àti èsì ẹnì kejì ti kéré tó? Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ èdè kan gbé ìwádìí jáde lórí èdè mẹ́wàá, láti Japan dé Denmark dé Namibia. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan ni ènìyàn fi ń dúró kó tó fèsì. Yorùbá kò sí nínú mẹ́wàá náà. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ bí ìyá méjì ṣe ń kíra lọ́jà mọ̀ pé àwa kì í tilẹ̀ dúró: "Ṣé dáadáa lẹ jí?" kò tíì délẹ̀ tí "A dúpẹ́" ti bọ́ sí i, tí "Àwọn ọmọ ńkọ́?" sì ti gùn ún lẹ́yìn.

Wàyí o, ohùn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní láti rìnrìn àjò. ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, ní kí ìrìn náà má ju ìdá 150 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dán. Àwọn olùwádìí kan ní Jámánì mọ̀ọ́mọ̀ fa ìdádúró náà gùn, títí tó fi ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, wọ́n sì gbé àbọ̀ jáde ní ọdún 2014. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ kò bá ẹ̀rọ wí. Ẹnì kejì ni wọ́n ní kò fọkàn sí ọ̀rọ̀, tí kò sì yá mọ́ni. Rò ó wò ná: "Ẹ káàárọ̀ mà" tó pẹ́ díẹ̀ kó tó ti London dé Ìbàdàn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló jẹ̀bi, ìyàwó tuntun ni wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ìdí kan náà ló ń mú kí "Àmín" fọ́nká nínú àdúrà orí fídíò, bí òjò àkọ́rọ̀ lórí páànù: ọ̀kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, èyí tó gbẹ̀yìn á sì bọ́ sórí àdúrà tó kàn.

Ìlù tún nìyẹn. Ọ̀pọ̀ áàpù wọ̀nyí máa ń sẹ́ ohùn ènìyàn mú, wọ́n á sì gé ariwo fáànù àti ti jẹnẹrétọ̀ dànù. Níbi ìkómọjáde kan tí mo bá wọn ṣe lórí fóònù, a ń wo ọwọ́ àyàn tó ń lọ sókè sódò, a kò gbọ́ nǹkan kan. Gángan ń ki bàbá ọmọ, ẹ̀rọ ní ariwo ni! Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé irú áàpù bẹ́ẹ̀ lè ní ibi tí a ti ń pa asẹ́ yẹn. Ti Zoom, Original Sound ni wọ́n ń pè é.

Kì í ṣe ìlù nìkan ni ẹ̀rọ ń gé dànù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kánádà fi hàn lórí Twitter pé bí ẹlẹgbẹ́ òun tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú bá fi àwòrán mìíràn sẹ́yìn ara rẹ̀ lórí Zoom, ẹ̀rọ máa ń pa orí ọkùnrin náà rẹ́. Orí kò sí. Ó jọ pé àwọn ojú tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà kò jọ tirẹ̀.

Lóṣù Kejìlá ọdún 2019, nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ni iye ìgbà tí àwọn ènìyàn ń wọ ìpàdé Zoom lójúmọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2020, ó ti di mílíọ̀nù 300. Ohun tó fà wọ́n ni pé tẹ líǹkì kan, o ti wọlé. Ibẹ̀ náà ni àwọn jàǹdùkú gbà wọlé, ni Zoom bá gbé yàrá ìdúró síwájú ìlẹ̀kùn ní oṣù Kẹrin yẹn kan náà.

Yàrá ìpàdé kan náà sì ni fún gbogbo ohun tí ènìyàn ń ṣe, èyí sì ń bà mí lẹ́rù. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ gíga kan ní Ìkẹjà dájọ́ ikú fún ọkùnrin kan lórí Zoom, nínú ìjókòó tó gba nǹkan bí wákàtí mẹ́ta. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ní Texas, lọ́yà kan jókòó níwájú adájọ́ ní àwòrán ológbò, kò mọ bí yóò ṣe yọ ọ́, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé òun kì í ṣe ológbò. Àpótí onígun mẹ́rin kan náà, bọ́tìnnì pupa kan náà nígun.

Ṣé o mọ̀ pé ohùn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn áàpù yìí fi ń mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó gbé àwòrán rẹ̀ síwájú? Adití tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ lè ṣàlàyé títí, ẹni tó bá húkọ́ ni ẹ̀rọ máa gbé jáde. Ní ọdún 2022 ni Zoom tó ṣe ààyè ọ̀tọ̀ fún àwọn ògbufọ̀ èdè ọwọ́.

Ìyá mi kò mọ gbogbo èyí. Bí mo bá pè é lórí fídíò, etí ló máa ń gbé fóònù sí. Mo ti mọ yẹtí tó ń wọ̀ lọ sọ́jà yàtọ̀ sí ti ọjọ́ Ìsinmi.