Ṣé ebi ló ń pa yín ni, àbí ìrònú? Ìbéèrè tí wọ́n fi ń ran àwọn tó sanra jù lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà

Èso àjàrà gbígbẹ ẹyọ kan, tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, kó wò ó fínnífínní, kó gbóòórùn rẹ̀, kó tó fi sẹ́nu. Bó bá dénú ẹnu, kò gbọdọ̀ kánjú gbé e mì. Ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé á ní eré ọmọdé làwọn àgbàlagbà wọ̀nyí ń ṣe.

Ọ̀mọ̀wé Jon Kabat-Zinn ló bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ ìfarabalẹ̀ yìí lọ́dún 1979 nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts, fún àwọn tí ìrora àti wàhálà ọkàn kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló ti mú un, ṣùgbọ́n ó ti yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà kí Kristẹni tàbí Mùsùlùmí má fòyà. Kéèyàn jókòó jẹ́ẹ́, kó máa kíyè sí bó ṣe ń mí àti ohun tó ń lọ lọ́kàn rẹ̀ ni.

Nígbà tó yá ni wọ́n gbé e dé ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Kì í ṣe ebi nìkan ló ń gbé èèyàn dé ìdí ìkòkò. Ìbànújẹ́ ń gbé e débẹ̀, ìbínú ń gbé e débẹ̀, àìríṣe náà sì ń gbé e débẹ̀. Ẹni tó bá dúró díẹ̀, tó bi ara rẹ̀ léèrè èwo nínú wọn ló ń ṣe òun, ó ṣeé ṣe kó dá ṣíbí padà.

Àwọn onímọ̀ Yunifásítì California tó wà ní San Francisco dán an wò. Èèyàn 194 tó sanra jù ni wọ́n kó jọ. Oṣù márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n fi kọ́ gbogbo wọn bí wọ́n ṣe máa dín oúnjẹ kù, tí wọ́n á sì máa ṣe eré ìdárayá. Nǹkan bí ìdajì wọn ni wọ́n fi ìfarabalẹ̀ kún tiwọn. Ọdún 2016 ni àbájáde rẹ̀ jáde.

Iṣẹ́ ìyanu kọ́ o. Nígbà tó pé oṣù 18 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kọ́ ìfarabalẹ̀ fi nǹkan bíi kílò 1.7 fúyẹ́ ju àwọn yòókù lọ, ìyẹn ò sì tó ohun tí àwọn onímọ̀ náà lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe kòńgẹ́ lásán. Ibi tó ti dùn mọ́ni ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀: tàwọn yòókù gòkè, tàwọn onífarabalẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Ìyẹn kò ní kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ju oògùn dókítà nù. Wọ́n tún kíyè sí i pé èsì àwọn tó bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́ kan yàtọ̀ sí ti àwọn tó bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń kọ́ wọn.