Ta Ló Wà Lábẹ́ Agọ̀?

Bí ìròyìn èké nípa yín bá ń jà ràn-ìn lórí fóònù, tí ẹni tó kọ ọ́ sì ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ta lẹ ó bi? Ìbéèrè yìí ló gbé ọkàn wa lọ sí Òsí, ní Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ará Òsí ni Areogun, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére tó kú ní ọdún 1954. Ó gbẹ́ ère Ẹpa, èyí tí wọ́n ń gbé sórí jó. Ère a bo ojú ẹni tó gbé e, màrìwò a bo ara rẹ̀. A kò sọ èyí láti gbé eégún lárugẹ o. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé Ẹpa ní ilé tó ni ín. Èrò ìwòran lè má mọ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, àgbà ilé mọ̀ ọ́n.

Ti fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan lè fi àwòrán ọmọlọ́mọ bojú lórí Facebook, kó ba aláìṣẹ̀ lórúkọ jẹ́, kí ilé sì tú, láìsí àgbà kan tó mọ̀ ọ́n. Jákọ́bù náà fi awọ ewúrẹ́ bo ọwọ́, ó jẹ́ orúkọ Ísọ̀. Ogún ọdún ló fi sìn lọ́dọ̀ Lábánì lẹ́yìn rẹ̀.

Ìjọba gbìyànjú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n pàṣẹ pé kí oníkálukú so nọ́ńbà NIN rẹ̀ mọ́ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin lè di kùmọ̀ lọ́wọ́ alágbára. Ní ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé abala 24 nínú òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tako òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wá ni kéèyàn fi orúkọ pamọ́ ni? Rárá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, EFCC rí owó tó lé ní mílíọ̀nù 43 dọ́là nínú ilé kan ní Ìkòyí, nítorí pé ẹnì kan ta wọ́n lólobó. Wọn kò kéde orúkọ rẹ̀ fáyé, ṣùgbọ́n àwọn tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi àwọn ọmọ yín: orúkọ wo lò ń jẹ́ lórí fóònù? Ṣé o lè ka ohun tí o kọ síbẹ̀ sókè níwájú wa? Bí wọ́n bá sì rí ìwà ibi tí ẹ̀rù ń bà wọ́n láti sọ, kí wọ́n fi tó àgbà kan tó ṣeé fọkàn tán létí. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.