Ọdún 27 ni wọ́n fi gbé ère Luther King dúró!

Ẹ̀yin òbí, ẹ rọra ná! Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ 'ẹgbẹ́ ọmọ yunifásítì' ni, ẹ ti rántí àáké. Ti Alpha Phi Alpha l'Amẹ́ríkà yàtọ̀. Aláwọ̀ dúdú mẹ́fà ni ò padà sí Cornell lọ́dún 1905, làwọn tó kù bá jọ ń kàwé pọ̀; lọ́dún 1906, àwọn méje sọ ọ́ di ẹgbẹ́.

Martin Luther King wọ ẹgbẹ́ náà lọ́dún 1952. Wọ́n pa á lọ́dún 1968, àmọ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́ tó ti gboyè jáde tipẹ́ ò gbàgbé rẹ̀. Ọdún 1984 ni wọ́n dábàá ère rẹ̀ sí Washington, ìjọba fọwọ́ sí i lọ́dún 1996. Owó tí wọ́n máa wá lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là! Ta ni ò ní sá? Wọn ò sá o. Ọdún 2011 ni wọ́n ṣí i.

Wọn kì í ṣe ańgẹ́lì ṣá. Àwọn kan nínú wọn ti lu ọmọ tuntun rí, ọ̀rọ̀ sì dé kóòtù. Àmọ́ àwọn ẹ̀ka wọn ṣì ń ran aráàlú lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀ fún ìbò.