D'Artacan, Ajá Onídà, àti Orúkọ Ìyá Àgbà

Àwa tí a ṣe ọmọdé ní Kútọnu nígbà tí amóhùnmáwòrán kò tíì wọ́pọ̀ kò lè gbàgbé D'Artacan. Ilé kan ṣoṣo ni a ti ń wò ó ní àdúgbò wa. Bí orin rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, a ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí eré bá parí, igi lásán a di idà lọ́wọ́ wa, a ó sì máa bá ara wa jà ní àgbàlá títí ìyá wa yóò fi pè wá wá jẹun.

Ilé iṣẹ́ BRB Internacional ti ilẹ̀ Sípéènì àti Nippon Animation ti ilẹ̀ Jàpáànì ni wọ́n jọ ṣe eré àwòrán náà. Ọdún 1981 ni ó kọ́kọ́ jáde, apá 26 ni ó sì ní. Claudio Biern Boyd, ẹni tí ó dá a sílẹ̀, di olóògbé ní oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2022. Inú ìwé *Les Trois Mousquetaires*, tí Alexandre Dumas kọ ní ọdún 1844, ni wọ́n ti mú ìtàn rẹ̀. Wọ́n kàn sọ ènìyàn di ẹranko ni: akọni náà àti Athos, Porthos pẹ̀lú Aramis di ajá, Milady alárékérekè di ológbò.

Kí ni ó mú wa fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ọmọ ìgbèríko ni D'Artacan. Ó dé Páríìsì láìní owó, láìní ojúlùmọ̀, ó fẹ́ di ẹ̀ṣọ́ ọba. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú, ó ti ṣẹ ẹni mẹ́ta, ó sì ti bá ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn dá àkókò ìjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ogun Richelieu yọ sí wọn, ẹ̀yìn àwọn mẹ́ta náà ni ó dúró sí. Ọ̀tá di ọ̀rẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọmọ tí òbí rẹ̀ mú láti Kétu wá sí Kútọnu mọ bí ó ti rí láti dé ìlú ńlá láìmọ ẹnìkan.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa nígbà náà. Marie-Cessette, ìyá bàbá Dumas, jẹ́ obìnrin adúláwọ̀ tí wọ́n fi ṣe ẹrú ní Saint-Domingue, ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Háítì lónìí. Etíkun Ouidah, tí kò jìnnà sí wa, ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ gbà kọjá. Ọdún 1762 ni ó bí Thomas-Alexandre. Bàbá ọmọ náà, òyìnbó ọlọ́lá, tà á láti fi rí owó ọkọ̀ ojú omi, lẹ́yìn náà ni ó rà á padà, tí ó sì mú un wá sí ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1776. Nígbà tí ọmọ náà wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1786, ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gba ti ìyá rẹ̀: Dumas. Ní ọdún 1793, ó di ọ̀gágun. Àwọn tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé ó ja ìjà idà mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo rí. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1806, ọmọ ọdún mẹ́ta péré ni Alexandre.

Ọmọ náà ni ó wá kọ ìtàn tí gbogbo ayé ń wò. Ní ọdún 2002, ilẹ̀ Faransé gbé egungun rẹ̀ lọ sí Panthéon, níbi tí wọ́n ń sin àwọn ẹni ńlá wọn sí. Orúkọ ìyá àgbà tí a fi ṣe ẹrú ni ó wà lára ibojì náà.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá mú igi, tí ó pè é ní idà, ẹ má ṣe lé e. Ẹ jẹ́ kó jókòó tì yín, kí ẹ sì fi èdè wa sọ ìtàn Marie-Cessette fún un. Akọni tí ó rò pé ó jẹ́ àlejò, ọmọ ilé ni.